Àyà tó ń dùn lónìí àti ewu ọdún mẹ́wàá: bí ẹ ṣe lè ya ọ̀kan sọ́tọ̀ kúrò lára èkejì

Ìbéèrè méjì ni a máa ń lọ́ mọ́ra wọn bí ọ̀rọ̀ ọkàn bá délẹ̀. Èkíní: èmi tí ara mi le yìí, báwo ló ṣe ṣeé ṣe tó kí ìkọlù ọkàn tàbí rọpárọsẹ̀ dé bá mi lọ́jọ́ iwájú? Èkejì: àyà tó ń dùn mí báyìí, ṣé ọkàn ni àbí nǹkan mìíràn? Àyẹ̀wò ewu ló ń dáhùn èkíní, ọdún mẹ́wàá ló sì sábà máa ń wò. Ẹ̀ka pàjáwìrì ló ń dáhùn èkejì, wákàtí mélòó kan péré ni wọ́n sì ní láti fi dáhùn ún. Àwọn olùwádìí ti ṣe òṣùwọ̀n fún méjèèjì, ṣùgbọ́n òṣùwọ̀n èkíní kò wúlò fún èkejì, ibẹ̀ gan-an ni àwọn èèyàn sì ti ń kó sí wàhálà. "Wọ́n yẹ̀ mí wò lọ́dún tó kọjá, wọ́n ní ewu mi kéré, ikùn lásán ni èyí." Ewu tó kéré kì í ṣe ewu tí kò sí.

N ó bẹ̀rẹ̀ láti ibi tí kò gba ìdúró, kí n tó wá sí èyí tí a lè fara balẹ̀ ṣe nílé.

1. Bí àyà bá ń dùn báyìí, ẹ má ṣírò nǹkan kan

Ohun tó yẹ kó lé yín dìde ni ìrora, ìwúwo tàbí fífún láàárín àyà tí kò lọ lẹ́yìn ìṣẹ́jú díẹ̀, tàbí tó ń lọ tó ń bọ̀. Ó lè ràn dé èjìká, apá (kì í ṣe apá òsì nìkan), ọrùn, párì tàbí ẹ̀yìn. Òógùn tútù, èébì, òòyì tàbí èémí tí kò délẹ̀ lè bá a wá. Lára àwọn obìnrin, àwọn àgbàlagbà àti àwọn tó ní àtọ̀gbẹ, àwọn àmì tó ń bá a rìn yìí lè hàn ju ìrora àyà fúnra rẹ̀ lọ. Nígbà mìíràn, àárẹ̀ òjijì àti èémí tó ṣòro ni gbogbo ohun tí wọ́n á rí.

Ẹ pe nọ́ńbà pàjáwìrì ibi tí ẹ wà. Ẹ jókòó, ẹ má rìn kiri láti fi dán ara wò. Ẹ wo aago kí ẹ sì kọ àkókò tó bẹ̀rẹ̀ sílẹ̀, nítorí ó wà lára ohun tí wọ́n máa kọ́kọ́ bi yín, ìtọ́jú kan sì wà tí àkókò máa ń ti ìlẹ̀kùn rẹ̀. Ẹ má wa ọkọ̀ fúnra yín. Bí ìlù ọkàn bá dàrú lójijì, àwọn tó wà nínú ọkọ̀ pàjáwìrì ní ẹ̀rọ tó lè fi iná dá ọkàn padà sípò. Ẹni tó dá jókòó sídìí ọkọ̀ tirẹ̀ kò ní olùrànlọ́wọ́, yóò sì tún kó bá àwọn tó wà lójú títì.

Bí ẹni tó gba ìpè yín bá ní kí ẹ lo aspirin, ẹ rún 162 sí 325 mg lẹ́nu kí ẹ tó gbé e mì. Rírún ló ń jẹ́ kó tètè wọ ẹ̀jẹ̀. Èyí tí wọ́n fi nǹkan bò lára nítorí ikùn máa ń pẹ́ kó tó ṣiṣẹ́. Ìwádìí kan tí wọ́n pè ní ISIS-2, tó jáde ní 1988, kó aláìsàn 17,187 jọ tí wọ́n fura sí ìkọlù ọkàn lára wọn. Aspirin nìkan dín ikú tó ti ọwọ́ ọkàn àti iṣan ẹ̀jẹ̀ wá kù ní nǹkan bí ìdá 23 nínú ọgọ́rùn-ún láàárín ọ̀sẹ̀ márùn-ún. Oògùn tí gbogbo ayé ń fojú kéré ni! Síbẹ̀, ẹ má fún ẹni tí ara rẹ̀ kọ̀ ọ́, ẹni tí ẹ̀jẹ̀ ń dà lára rẹ̀, tàbí ẹni tí ẹnu rẹ̀ wọ́, tí apá kan ara rẹ̀ kọ iṣẹ́, torí rọpárọsẹ̀ lè jẹ́ ẹ̀jẹ̀ tó ń dà nínú ọpọlọ. Bí ìrora bá bẹ̀rẹ̀ lójijì pẹ̀lú agbára kíkún, tó dà bí nǹkan tó ń fà ya lọ sí ẹ̀yìn, ẹ sọ ọ́ bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ kí ẹ tó gbé ohunkóhun mì: ó lè jẹ́ pé iṣan ẹ̀jẹ̀ ńlá tó jáde láti inú ọkàn ló ń ya, aspirin kì í ṣe ìtọ́jú ìyẹn.

Bí ẹni náà bá ṣubú tí kò mí bó ṣe yẹ, ẹ fi ọwọ́ méjèèjì tẹ àárín àyà rẹ̀ wọlé ní 5 sí 6 sẹ̀ǹtímítà, ní 100 sí 120 ìgbà ní ìṣẹ́jú kan, títí ìrànwọ́ á fi dé.

2. Lẹ́nu ọ̀nà ẹ̀ka pàjáwìrì: gbólóhùn mẹ́rin tó

Nọ́ọ̀sì tó jókòó lẹ́nu ọ̀nà kò tíì ń wo àìsàn sàn. Ó ń to àwọn èèyàn bí ọ̀ràn wọn ṣe le tó. Ohun tí ẹ bá kọ́kọ́ sọ ló máa pinnu ibi tí yóò tò yín sí. Ọmọ kan gbé ìyá rẹ̀ dé, ó ní: "Ẹ kú iṣẹ́ mà. Màmá mi ni, ara wọn ò yá láti àná, a rò pé ó rẹ̀ wọ́n ni, a sì fún wọn ní oògùn ikùn, àbúrò mi ló wá ní ká máa bọ̀…" Nọ́ọ̀sì yẹn ti gbọ́ "ikùn" àti "ó rẹ̀ wọ́n", ẹni méje sì tún wà lórí ìlà.

Ẹ gbọ́ bí ọmọ kan náà ṣe lè sọ ọ́: "Màmá mi ni, ẹni ọdún 61. Àyà ń fún wọn láti aago márùn-ún ààbọ̀ àárọ̀ yìí, kò sì dá. Ó ń ràn lọ sí párì, wọ́n ń làágùn. Wọ́n ní ẹ̀jẹ̀ ríru àti àtọ̀gbẹ, oògùn tí wọ́n ń lò rèé." Kò ju ìṣẹ́jú kan lọ. Ìtàn tó kù á dúró de dókítà.

Ìlànà tí àwọn ẹgbẹ́ oníṣègùn ọkàn ní Amẹ́ríkà àti Yúróòpù fọwọ́ sí ni pé kí wọ́n ya ECG ẹni tí àyà ń dùn, kí dókítà sì kà á, láàárín ìṣẹ́jú 10 tó wọlé. Kò dunni: wọ́n á lẹ rọ́bà mẹ́wàá mọ́ àyà, apá àti ẹsẹ̀, ẹ̀rọ á sì ya ìrìn iná inú ọkàn láti ìhà 12. Bí ìṣẹ́jú 10 bá ti kọjá, kò sí àrífín nínú kí ẹ sọ pé, "Ẹ jọ̀ọ́ mà, wọn ò tíì ya ECG wọn o." Ojú kì í tini níbi tí ẹ̀mí wà.

ECG àkọ́kọ́ tó mọ́ kì í ṣe òpin ọ̀rọ̀. Iṣan tó ń dí lọ tó ń là lè máà hàn ní ìṣẹ́jú tí wọ́n yà á. Ìkọlù tó wà lẹ́yìn ọkàn náà lè fara pamọ́ fún rọ́bà tí wọ́n lẹ̀ mọ́ iwájú, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi máa ń gbé díẹ̀ lọ sí ẹ̀yìn nígbà míì. Nítorí náà, bí ìrora bá tún dé tàbí tó yí padà nígbà tí ẹ ń dúró, ẹ pe nọ́ọ̀sì lójú ẹsẹ̀. Wọ́n á tún un yà, wọ́n á sì fi ti tẹ́lẹ̀ wé e.

Bí ECG bá fi hàn pé iṣan kan ti dí pátápátá, kò sí òṣùwọ̀n tí ẹnikẹ́ni máa ṣírò. Wọ́n á gbé yín lọ tààrà láti fi rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ gba ọrùn ọwọ́ tàbí itan wọ iṣan náà, kí wọ́n là á. Ilé ìwòsàn tó ní ohun èlò yìí ń lépa pé kí ó má ju ìṣẹ́jú 90 lọ láti ìgbà tí aláìsàn wọlé. Níbi tí kò bá sí, tí wọn ò sì lè gbé e dé ibòmíì kí wọ́n là á láàárín ìṣẹ́jú 120, oògùn tó ń tú ẹ̀jẹ̀ dídì ni wọ́n máa fún un, bí ìrora kò bá tíì ju wákàtí 12 lọ. Àkókò tí ẹ kọ sílẹ̀ nílé wúlò níbí.

Ohun kan tí àwọn bàbá máa ń fi pamọ́: bí ẹ bá lo sildenafil láàárín wákàtí 24, tàbí tadalafil láàárín wákàtí 48, ẹ sọ fún dókítà. Oògùn abẹ́ ahọ́n tí wọ́n ń fún ẹni tí àyà ń fún lè pàdé rẹ̀ nínú ẹ̀jẹ̀, kí ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ já wálẹ̀ débi tó léwu. Bí ẹ kò bá fẹ́ kí ọmọ tàbí ìyàwó gbọ́, ẹ ní kí wọ́n jọ̀wọ́ jáde díẹ̀. Àwọn dókítà ti gbọ́ ọ rí.

3. Kí ló dé tí wọ́n fi ń gba ẹ̀jẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì?

Èròjà kan tí wọ́n ń pè ní troponin ni wọ́n ń wá. Inú iṣan ẹran ọkàn ló ń gbé. Bí ẹran ọkàn bá fara pa, yóò jáde sínú ẹ̀jẹ̀. Ṣùgbọ́n kì í jáde lójú ẹsẹ̀. Ẹni tí ìrora rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní ìdajì wákàtí sẹ́yìn lè ní troponin tó dára, kó sì jẹ́ pé ọkàn rẹ̀ ń bàjẹ́ lọ. Nítorí náà ni wọ́n ṣe ń gba èkejì lẹ́yìn wákàtí kan, méjì tàbí mẹ́ta, bí irú àyẹ̀wò tí ilé ìwòsàn náà ń lò bá ṣe rí. Ìyípadà láàárín méjèèjì ṣe pàtàkì bíi iye fúnra rẹ̀: tó bá ń gòkè tàbí tó ń sọ̀, nǹkan ń ṣẹlẹ̀ lọ́wọ́, tó bá ga ṣùgbọ́n tó dúró gbári síbì kan, ó lè jẹ́ àìsàn ọlọ́jọ́ pípẹ́.

Torí troponin tó ga nìkan kì í ṣe ẹ̀rí ìkọlù ọkàn. Àìsàn kíndìnrín, ọkàn tó ti rẹ̀, ẹ̀jẹ̀ dídì nínú ẹ̀dọ̀fóró, àkóràn tó le, gbogbo wọn lè gbé e sókè. Ìdí kan náà ni kò fi yẹ kéèyàn tó ara rẹ̀ le lọ sí ilé àyẹ̀wò lọ sanwó troponin "kí n kàn mọ̀". Nọ́ńbà tó máa jáde kò ní ìbéèrè tó ń dáhùn.

Bí wọ́n bá ní kí ẹ dúró de èkejì, ẹ dúró. Ìrora tó ti lọ kò sọ ọ́ di ohun tí kò pọn dandan.

4. Máàkì HEART: bí wọ́n ṣe ń pinnu ẹni tó lè lọ sílé

Èyí ló wù mí jù nínú gbogbo rẹ̀, torí ẹni tí kì í ṣe oníṣègùn náà lè lóye rẹ̀. Ní 2008, àwọn dókítà kan ní Netherlands gbé òṣùwọ̀n kékeré kan jáde fún ẹni tí àyà ń dùn ní pàjáwìrì tí ECG rẹ̀ kò sì tíì pariwo. Nǹkan márùn-ún ni wọ́n ń wò (lẹ́tà àkọ́kọ́ wọn lédè Gẹ̀ẹ́sì ló para pọ̀ di HEART), ọ̀kọ̀ọ̀kan ní 0, 1 tàbí 2.

Ìtàn: ṣé bí ìrora náà ṣe ń ṣe jọ ti ọkàn gan-an (2), ó jọ ọ́ díẹ̀ (1), àbí kò fi bẹ́ẹ̀ jọ ọ́ (0)? ECG: ó mọ́ (0), ó ní ìyípadà tí kò tọ́ka síbì kan pàtó (1), tàbí ìlà rẹ̀ yẹ̀ kúrò nípò gidigidi (2). Ọjọ́ orí: kò tó 45 (0), 45 sí 64 (1), 65 sókè (2). Ohun tó ń fa ewu: ẹ̀jẹ̀ ríru, àtọ̀gbẹ, kọlẹ́sítẹ́rọ́ọ̀lù tó ga, sìgá, ara tó sanra jù, àti òbí tàbí ọmọ ìyá tí àrùn ọkàn mú ní kékeré, kò sí ìkankan (0), ọ̀kan tàbí méjì (1), mẹ́ta sókè (2). Ẹni tí iṣan ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ti dí rí gba 2 lọ́gán. Troponin: kò kọjá ààlà (0), kò ju ìlọ́po mẹ́ta ààlà lọ (1), ó jù bẹ́ẹ̀ (2).

Ẹ jẹ́ ká ṣe é fún obìnrin ẹni ọdún 52 kan. Ìrora rẹ̀ jọ ti ọkàn díẹ̀: 1. ECG mọ́: 0. Ọjọ́ orí: 1. Ó ní ẹ̀jẹ̀ ríru, ó sì ń mu sìgá: 1. Troponin dára: 0. Àròpọ̀ jẹ́ 3, ó sì bọ́ sí ìpele tó kéré, 0 sí 3. Kí wọ́n wá ṣàyẹ̀wò ṣúgà rẹ̀ kí wọ́n rí i pé ó ní àtọ̀gbẹ tí kò mọ̀ nípa rẹ̀: ohun tó ń fa ewu di mẹ́ta, máàkì rẹ̀ di 4, ó ti kúrò ní ìpele yẹn. Àìsàn tí ẹnikẹ́ni kò yẹ̀ wò láti ọdún pípẹ́ ló fẹ́ sọ ọ́ di ẹni tó lè máa lọ sílé. Èyí nìkan ni ibi tí àyẹ̀wò ewu ti wọ inú pàjáwìrì, ọ̀kan péré nínú nǹkan márùn-ún náà ló sì jẹ́.

Nígbà tí wọ́n dán òṣùwọ̀n yìí wò lára aláìsàn 2,440 ní ilé ìwòsàn mẹ́wàá ní Netherlands, tí èsì rẹ̀ jáde ní 2013, ìṣẹ̀lẹ̀ ọkàn tó le ṣẹlẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́fà sí ìdá 1.7 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn tó ní 0 sí 3, ìdá 16.6 àwọn tó ní 4 sí 6, àti ìdá 50.1 àwọn tó ní 7 sí 10. Ìdá 1.7 yẹn ló da àwọn oníṣègùn láàmú. Ṣé ó kéré tó láti dá èèyàn sílẹ̀? Ní Amẹ́ríkà, àwọn kan fi troponin ti wákàtí mẹ́ta kún un, wọ́n sì dán an wò lára ẹni 282 nínú ìwádìí tó jáde ní 2015. Àwọn tó tètè lọ sílé di ìdá 39.7 nínú ọgọ́rùn-ún, nígbà tó jẹ́ ìdá 18.4 lábẹ́ ìtọ́jú tó wà tẹ́lẹ̀, kò sì sí ìkankan nínú àwọn tí òṣùwọ̀n náà ní kó lọ sílé tí nǹkan ṣe láàárín ọgbọ̀n ọjọ́. Ẹni 282 kò pọ̀, ká má parọ́, ṣùgbọ́n ọ̀nà tó tọ́ ni wọ́n gbà.

Ẹ ṣàkíyèsí ohun tí máàkì yìí ń sọ: ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Kò sọ nǹkan kan nípa ọdún mẹ́wàá.

5. Kí ẹ tó kúrò níbẹ̀

"Kì í ṣe ìkọlù ọkàn" kò túmọ̀ sí pé "ọkàn yín dára". Ẹ béèrè ohun mẹ́ta: kí lẹ rò pé ó fa ìrora yìí? Ọjọ́ wo ni kí n padà rí dókítà, dókítà wo sì ni? Kí ló máa ṣẹlẹ̀ tí mo fi gbọ́dọ̀ sáré padà wá? Ẹ gba ẹ̀dà ECG yín àti èsì ẹ̀jẹ̀ dání.

Lẹ́yìn èyí ni ọ̀rọ̀ ìfúnpá. Ọ̀pọ̀ èèyàn ló jẹ́ pé pàjáwìrì ni wọ́n ti kọ́kọ́ gbọ́ pé ẹ̀jẹ̀ àwọn ga. Ìrora àti ẹ̀rù lè gbé e sókè lóòótọ́, ṣùgbọ́n ẹ má fi ìyẹn ṣe àwáwí. 170/100 lára ẹni tí kò ní àmì kankan kì í ṣe ohun tí wọ́n gbọ́dọ̀ já wálẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ náà. Ohun tó yẹ ni kí wọ́n fún un ní ọjọ́ tó máa padà wá, kí wọ́n wọ̀n ọ́n dáadáa. Nígbà kan, àwọn dókítà a máa fi nifedipine sábẹ́ ahọ́n kí nọ́ńbà lè tètè sọ̀. Nọ́ńbà sọ̀ lóòótọ́, àmọ́ ẹ̀jẹ̀ kò dé ọpọlọ àti ọkàn àwọn kan mọ́, rọpárọsẹ̀ àti ìkọlù ọkàn tẹ̀ lé e. Láti àárín àwọn ọdún 1990 ni wọ́n ti ń kìlọ̀ pé kí wọ́n dáwọ́ rẹ̀ dúró. Nítorí náà, ẹ má dá a ṣe nílé, ẹ má sì gbé oògùn ìfúnpá ẹlòmíì jẹ nítorí nọ́ńbà kan.

Ibi tó ti di pàjáwìrì ni tí ìfúnpá bá kọjá 180/120 TÍ àmì sì wà níbẹ̀: àyà ń dùn, èémí ṣòro, ojú ń ṣú, ọ̀rọ̀ ò já gaara, apá tàbí ẹsẹ̀ kan kú.

6. Wíwọn ìfúnpá nílé, bó ṣe yẹ

Níbí ni mo fẹ́ kí ẹ ti fara balẹ̀, torí kò sí òṣùwọ̀n ewu tó máa tọ̀nà bí nọ́ńbà tí ẹ fi bọ́ ọ bá jẹ́ irọ́.

Ẹ lo ẹ̀rọ tí wọ́n ń dì mọ́ apá lókè ìgbọ̀nwọ́, kì í ṣe ti ọrùn ọwọ́. Ọ̀já rẹ̀ gbọ́dọ̀ bá apá yín mu. Ọ̀já tó kéré fún apá tó tóbi máa ń fi ẹ̀jẹ̀ hàn bíi pé ó ga ju bó ṣe wà lọ, èyí sì ti sọ ọ̀pọ̀ èèyàn di oníoògùn láìnídìí. Ẹ má mu sìgá, kọfí tàbí tíì, ẹ má sì ṣe eré ìdárayá ní ìdajì wákàtí ṣáájú. Ẹ lọ tọ̀; àpòòtọ̀ tó kún ń gbé nọ́ńbà sókè. Ẹ jókòó sórí àga tó ní ẹ̀yìn, kí ẹ fẹ̀yìn tì í, ẹsẹ̀ méjèèjì nílẹ̀, ẹ má dábùú ẹsẹ̀ léra. Ẹ gbé apá lé tábìlì kí ọ̀já lè wà ní ìdọ́gba pẹ̀lú ọkàn. Ẹ jókòó bẹ́ẹ̀ fún ìṣẹ́jú márùn-ún kí ẹ tó tẹ bọ́tìnì, láìsọ̀rọ̀, láìwo fóònù. Awọ ara ni ọ̀já ń fẹ́, kì í ṣe apá aṣọ tí ẹ ká sókè tó wá fún apá pinpin.

Ẹ wọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀mejì pẹ̀lú ìsinmi ìṣẹ́jú kan, láàárọ̀ kí ẹ tó lo oògùn, àti nírọ̀lẹ́. Ọjọ́ méje. Ẹ yọ ọjọ́ àkọ́kọ́ dànù, kí ẹ pín ìyókù láti mọ ìwọ̀n tó wà láàárín. Nígbà àkọ́kọ́, ẹ wọn apá méjèèjì, kí ẹ máa lo èyí tó ga. Bí ìyàtọ̀ nọ́ńbà òkè (èyí tó ṣáájú nínú méjèèjì) láàárín apá méjèèjì bá ju 15 lọ léraléra, ẹ fi han dókítà.

Ìwọ̀n tó bá tó 135/85 nílé ni wọ́n ń kà sí ẹ̀jẹ̀ ríru ní ọ̀pọ̀ ibi, ó sì bá 140/90 ti ilé ìwòsàn mu. Ìlànà Amẹ́ríkà ti 2017 gbé ààlà náà wá sí 130/80.

7. Òṣùwọ̀n ewu ọdún mẹ́wàá

Láti 1948 ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í tọpasẹ̀ àwọn ará ìlú Framingham, ní ìpínlẹ̀ Massachusetts ní Amẹ́ríkà. Ẹni 5,209 ni wọ́n kọ́kọ́ gbà. Ara wọn ni wọ́n ti kẹ́kọ̀ọ́ pé ìfúnpá, kọlẹ́sítẹ́rọ́ọ̀lù àti sìgá máa ń ṣáájú àrùn ọkàn, láti ibẹ̀ sì ni òṣùwọ̀n ewu ti jáde. Àmọ́ aláwọ̀ funfun ni ọ̀pọ̀ jù lọ wọn, ìlú kan náà ni wọ́n sì ń gbé. Òṣùwọ̀n tó bá wọn mu lè má bá ẹlòmíì mu: ó lè sọ pé ewu pọ̀ níbi tí kò pọ̀, tàbí kó ṣe òdìkejì.

Nítorí náà, ẹ mú òṣùwọ̀n tí wọ́n ṣe fún ibi tí ẹ ń gbé. SCORE2 wà fún Yúróòpù láti 2021, QRISK3 fún ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì láti 2017. Amẹ́ríkà gbé PREVENT jáde ní 2023. Ó gba ẹni ọdún 30 sí 79, ó fi iṣẹ́ kíndìnrín kún un, ó sì yọ ẹ̀yà kúrò nínú ìṣirò. Àjọ Ìlera Àgbáyé (WHO) ní àtẹ ti 2019, tí wọ́n ṣe fún agbègbè 21 káàkiri ayé. Ìyẹn ló wúlò jù fún ọ̀pọ̀ èèyàn, torí ó ní ẹ̀dà tí kò nílò ilé àyẹ̀wò rárá: ọjọ́ orí, ọkùnrin tàbí obìnrin, ìfúnpá, sìgá, àti ìwọ̀n ara sí gíga ló ń béèrè.

Ká ní ó jáde pé 12 nínú 100. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé bí a bá kó ẹni ọgọ́rùn-ún tó jọ yín jọ, nǹkan bí 12 nínú wọn ni ìkọlù ọkàn tàbí rọpárọsẹ̀ máa dé bá láàárín ọdún mẹ́wàá. Kò mọ ẹni tí ẹ máa jẹ́ nínú wọn. Ohun tó dára fún ni láti bá dókítà sọ̀rọ̀: bí mo bá fi sìgá sílẹ̀, mélòó ló máa kù? Bí mo bá bẹ̀rẹ̀ oògùn kọlẹ́sítẹ́rọ́ọ̀lù ńkọ́? Ẹ yí ohun kan padà lórí ẹ̀rọ ìṣirò náà lẹ́ẹ̀kan, kí ẹ wo bí nọ́ńbà ṣe ń rìn.

Àwọn kan wà tí kò yẹ kí wọ́n lò ó rárá. Ẹni tí ìkọlù ọkàn tàbí rọpárọsẹ̀ ti ṣe rí ti kọjá ibẹ̀. Ewu rẹ̀ ga, ìtọ́jú ló kàn. Ọ̀dọ́ náà kò gbọdọ̀ jẹ́ kí nọ́ńbà kékeré tan òun. Ọjọ́ orí ló ń ti òṣùwọ̀n yìí jù, ẹni ọdún 35 tó ń mu sìgá tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ sì ga lè rí "2 nínú 100" kó máa yọ̀. Ìwádìí INTERHEART, tó wo orílẹ̀-èdè 52 tó sì jáde ní 2004, rí i pé ohun mẹ́sàn-án péré ló wà nídìí èyí tó ju ìdá 90 nínú ọgọ́rùn-ún ìkọlù ọkàn àkọ́kọ́ lọ, sìgá àti ọ̀rá inú ẹ̀jẹ̀ sì ló ṣíwájú. Ọ̀pọ̀ jù lọ nínú wọn ló ṣeé tún ṣe ní 35.

8. Bí ìròyìn ìwádìí tuntun bá jáde

Ẹ mú ìwádìí ìfúnpá tí wọ́n pè ní SPRINT, ti 2015, ṣe àpẹẹrẹ. Ìròyìn gbé e pé kí wọ́n gbá ìfúnpá òkè wálẹ̀ sí ìsàlẹ̀ 120 dípò 140 dín ìṣòro ọkàn kù ní ìdá 25 nínú ọgọ́rùn-ún. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tó wà nídìí ìdá 25 yẹn: ìdá 2.19 nínú ọgọ́rùn-ún lọ́dún kan ló di 1.65. Ìyàtọ̀ nǹkan bí ẹnì kan nínú igba lọ́dún ni. Ó tó nǹkan, kì í sì í ṣe ọ̀fẹ́: ìfúnpá tó já, dídákú àti kíndìnrín tó fara pa pọ̀ sí i lápá àwọn tí wọ́n gbá a wálẹ̀ sí 120.

Ẹ tún béèrè ẹni tí wọ́n ṣe é lára rẹ̀. Ẹni 9,361 ni, ẹni ọdún 50 sókè tí ewu rẹ̀ ga. Wọn kò gba ẹni tó ní àtọ̀gbẹ tàbí ẹni tó ti ní rọpárọsẹ̀ rí. Kí ẹ sì béèrè bí wọ́n ṣe wọ̀n ọ́n. Ẹ̀rọ ló wọn ìfúnpá wọn lẹ́yìn ìṣẹ́jú márùn-ún ìsinmi, láìsí ẹnikẹ́ni nínú yàrá ní ọ̀pọ̀ ibi. 120 tí wọ́n rí bẹ́ẹ̀ kì í ṣe 120 tí wọ́n fi ìkánjú wọ̀n lórí bẹ́ẹ̀dì pàjáwìrì pẹ̀lú ariwo lọ́tùn-ún lósì. Dókítà tó bá sọ fún yín pé "ìyẹn kò kàn yín" lẹ́yìn tó wo èyí kò kọ ìmọ̀ tuntun. Ó ka ìwádìí náà dópin ni.

9. Ohun tó yẹ kó wà lórí fóònù yín

Ẹ ya fọ́tò ECG tí wọ́n yà fún yín nígbà tí ara yín le, kí ọjọ́ rẹ̀ hàn. Àwọn kan wà tí ECG wọn ti ṣe wọ́kuwọ̀ku láti ìbẹ̀rẹ̀ láìsí àrùn, dókítà pàjáwìrì tí kò rí ti àtẹ̀yìnwá kò sì ní mọ̀ bóyá tuntun ni. Ẹ fi orúkọ oògùn àti ìwọ̀n rẹ̀ sí i, ohun tí ara yín kọ̀, ìwọ̀n ìfúnpá ọjọ́ méje tó kẹ́yìn, àti nọ́ńbà ẹni tí wọ́n lè pè. Ẹ fi ẹ̀dà rẹ̀ ránṣẹ́ sí ẹnì kan nínú ilé, torí fóònù yín lè wà lábẹ́ títì pa lọ́jọ́ tí wọ́n bá nílò rẹ̀. Ẹni ọdún 40 sókè lè tún òṣùwọ̀n ewu rẹ̀ ṣe lẹ́yìn ọdún mélòó kan, kó tètè ṣe é bí ìfúnpá, ṣúgà tàbí sìgá bá ti yí padà. Ti ìfúnpá, lọ́dọọdún ni.